Ọmọlángidi Ramlat

Fẹ̀hìntọlá kò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ kan nílé ọmọ rẹ̀ ní Dagenham nílùú Ọba tó fi rí ère kan nínú yàrá ìyàwó. Igi dúdú ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irun orí rẹ̀ pín sí méjì, ara rẹ̀ ń dán fún òróró.

"Ramlat! Ìbejì ta ló kú?"

"Kì í ṣe ìbejì, Mama. Mwana hiti ni. Ìyá mi àgbà ló fún mi ní Tanzania. A máa ń wẹ̀ ẹ́, a ó fi òróró pa á lára bí ọmọ tuntun. Obìnrin tó bá ń tọ́jú ẹ̀ ló ń bímọ."

"Ọdún mẹ́rin lo ti ń tọ́jú ẹ̀. Ọmọ ọ̀hún dà? Nígbà tí mo wà bíi tìẹ, Mìdé ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì!"

Mìdé, ọkọ Ramlat, ń wo bàtà rẹ̀.

Fẹ̀hìntọlá gbé ère náà lọ bá Wòlíì Aaron, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Heathway. Wòlíì ní kó má sun ún. Kó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, kó máa wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, kó máa fi òróró mímọ́ pa á lára títí agbára rẹ̀ á fi tán. Òun náà á máa wá gbàdúrà nínú yàrá ọ̀hún lọ́sàn-án, nígbà tí tọkọtaya bá ti lọ síbi iṣẹ́.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi," ni Ramlat ń bẹ̀.

"Kó o lè tún fi ti ilé ọmọ ẹ pa? Gbẹ́nu ẹ dání jàre."

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ọbẹ̀ Ramlat bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí Fẹ̀hìntọlá. Tó bá jẹ ẹ́, á bì í. Òòyì ń kọ́ ọ.

"Májèlé ni! Ìyàwó ẹ fẹ́ pa mí!"

Mìdé ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá òun wò. Bí wọ́n bá rí májèlé níbẹ̀, kí Ramlat kó ẹrù ẹ̀. Ramlat ti di ẹrù sílẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì máa jáde.

Gbogbo wọn ló lọ sí ọsibítù. Wòlíì bá wọn lọ láti jẹ́rìí. Dókítà bi Fẹ̀hìntọlá bóyá kí àwọn yòókù jáde ná.

"Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn! Èmi ò ní nǹkan kan tí mo ń fi pamọ́."

Dókítà ní kò sí májèlé kankan, oyún ni, Wòlíì Aaron sì ti dìde kí dókítà tó sọ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta.