Ojú Àṣá Wọ Ibùdó Mànàmáná

Láàárín àwọn iléeṣẹ́ mànàmáná, ọ̀gá ibùdó kan ni wọ́n máa ń rán lọ yẹ ibùdó ọ̀gá mìíràn wò, nítorí pé ẹni tó mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń fi àbùkù pamọ́ sí kì í pẹ́ rí ti ẹlòmíì.

Lọ́dún yìí, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ojú Àṣá ló ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i rí ní ibùdó náà. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé kì í pariwo, àpárá ló máa ń dá. Ní ibùdó tó lọ kẹ́yìn, àpárá méjì péré ló dá, ọ̀gá ibẹ̀ sì ti ń ka bàtà òṣìṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ báyìí.

Ọ̀gá ibùdó yìí kò fẹ́ ka bàtà.

Yàrá bátìrì ló ń já a láyà. Bí iná bá ṣe ségesège, agbára àwọn bátìrì yẹn ni àwọn súwíìṣì ńlá fi ń pa ara wọn kí nǹkan tó gbiná. Ìdajì wọn ti kú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì béèrè wọn láti olú iléeṣẹ́ ni ọ̀gá máa ń dáhùn pé ara wọn le koko.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìjẹ dẹ ẹ́," ni igbákejì rẹ̀ wí, ẹni tó tún jẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀. "Tó bá ti rí àṣìṣe kékeré kan mú, inú rẹ̀ á dùn, á máa lọ. Kò ní dé ọ̀dọ̀ bátìrì."

"O fẹ́ kí wọ́n lé mi dé sítọ́ọ̀ ni?"

"Bùọ̀dá, tẹ́ ẹ bá dé sítọ́ọ̀, ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló máa kọ́kọ́ lé yín."

Wọ́n tú pátákó ìkìlọ̀ kúrò lára géètì tiransifọ́mà. Ojú ibẹ̀ funfun báláú, ihò ìdè mẹ́rin sì là sílẹ̀ gbayawu.

Obìnrin náà dé láàárọ̀. Aṣọ rẹ̀ gún régé, àpá kékeré méjì tẹ̀ wọlé sí ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ó sì ń fún ojú mọ́ gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó dúró níwájú géètì, ó bẹ̀rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú funfun náà.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ẹ nu pátákó yín mọ́ tónítóní."

Ọ̀gá sún mọ́ igbákejì rẹ̀.

"Ọ̀kan nìyẹn," ni igbákejì rẹ̀ sọ sí i létí.

Obìnrin náà ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé èkejì.

"Yéè! Ó tún ń yẹ sìmẹ́ńtì wò!" ni ọ̀gá wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Nínú yàrá ìdarí, ẹ̀wù òjò kan wà lára ògiri, wọ́n sì fi akoto kọ́ sórí rẹ̀. Obìnrin náà tẹrí ba fún un díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá," ó ní. Ó kọjú sí ọ̀gá. "Ẹ ò tilẹ̀ fún àgbàlagbà yìí ní àga?"

Kíá ni ọ̀gá já ẹ̀wù náà lulẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ó sì dé akoto náà.

"Ó ti pé méjì," ni igbákejì rẹ̀ wí.

Wọ́n dé iwájú mítà. "Kí lèyí ń sọ?" ni obìnrin náà béèrè. "Ẹ kà á sí mi létí."

Ọ̀gá kà á. Òógùn ń ṣàn nínú ẹ̀wù òjò.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Ẹ̀yin lẹ rí i o. Èmi ò sọ nǹkan kan."

Lẹ́yìn náà ló ní gbogbo nǹkan dára, òun fẹ́ máa lọ. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí kanlẹ̀ ni obìnrin náà yí padà, tó rìn tààrà lọ sídìí ilẹ̀kùn yàrá bátìrì, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ BÁTÌRÌ sí gàdàgbà. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Ibí ni ọ̀nà, àbí?"

Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, akoto yí lọ sábẹ́ tábìlì. "Ibẹ̀ náà ni, mà! Ìdajì wọn ti kú! Irọ́ ni mo ń pa!"

"Kí ló kú?"

"Bátìrì, mà! Ẹ má jẹ́ kí n ka bàtà!"

Obìnrin náà jọ̀wọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà." Nígbà tó gba ìwé náà, ó ká a sínú báàgì. "Bátìrì tuntun á dé lọ́sẹ̀ yìí. Màá sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ ò ní dé sítọ́ọ̀ kankan."

Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù òjò lọ́rùn.

"Mo rò pé àsọdùn ni wọ́n ń sọ," ó ní. "Ojú yẹn ń wọ inú ògiri."

"Ìjẹ wa ò tilẹ̀ tó o fi sẹ́nu," ni igbákejì rẹ̀ wí.

Nínú ọkọ̀, Ojú Àṣá na fóònù rẹ̀ sí awakọ̀ pé kó bá òun ka ohun tí ọmọ òun fi ránṣẹ́ láàárọ̀, awakọ̀ sì kà á sókè: "Mọ́mì, ẹ tún ti gbàgbé awò ojú yín sórí fíríìjì, ṣé ẹ̀ ń rí nǹkan kan ṣá lọ́hùn-ún?"