Ta Ló Tú Àkísà Pupa?

Hẹlikópítà tá a jọ tún ṣe láàárọ̀ ti já lẹ́yìn pápá. Bàbá Ìbejì tó ni ín wà nínú ẹ̀.

Bá a ṣe máa ń ṣe nípàdé àwa awakọ̀ òfuurufú rèé: tí ọkọ̀ ẹnì kan bá bàjẹ́, gbogbo wa la máa bá a tún un ṣe.

"Ta ló de bóòtù abẹ̀bẹ̀ orí ẹ̀?" Alága ń pariwo.

"Èmi ni," Gọ̀gọ̀rọ̀ dáhùn. "Mi ò tíì dè é tán. Mo lọ wá sípánà ni. Mo so àkísà pupa mọ́ ọn!"

Ibi tí àkísà pupa bá wà, iṣẹ́ ò tíì parí níbẹ̀. Ẹni tó so ó nìkan ló ń tú u.

Mo gbá a mú lọ́rùn aṣọ. "Irọ́ lò ń pa! Èmi ni mo nu ọ́ìlì ara ọkọ̀ náà kẹ́yìn. Mi ò rí àkísà kankan!"

Ìyá Ìbejì sáré dé. "Ọkọ mi ńkọ́?"

Alága nawọ́ sí ẹ̀yìn pápá.

Omijé bò mí lójú. Mo fa àkísà tí mo fi nu ọ́ìlì yọ lápò, mo fi nujú.

Gọ̀gọ̀rọ̀ ń wo ọwọ́ mi.

Ọ́ìlì ti sọ àkísà náà di dúdú.

Etí ibi tí wọ́n ti ta á ní kókó nìkan ló ṣì pupa fòò.