Ilẹ̀kùn Tí Èébú Ń Ṣí

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ilẹ̀kùn ilé Bàbá Akínsànmí, tó ń fi ẹ̀rọ ayélujára dá ènìyàn mọ̀, kọ̀, kò ṣí fún un, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ má bínú, sà," ni ilẹ̀kùn wí. "Láti àná, kò sí ojú òpó ayélujára kankan tó dárúkọ yín. Ẹni tí aráyé ò tọ́ka sí, èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà yé bàbá. Ìyá Mosúnmọ́lá, aládùúgbò rẹ̀, ló máa ń bú u lójoojúmọ́ lójú òpó àdúgbò, èébú yẹn ló sì ń ṣílẹ̀kùn. Àná ni àwọn àgbà parí ìjà wọn.

Ó sáré bá ìyá náà nídìí okùn tó ń sá aṣọ sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi díẹ̀."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo ti jẹ obì níwájú àgbà pé n kò ní bú yín mọ́."

Bàbá fa aṣọ funfun kan já lórí okùn, ó fi nu bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀.

"Akínsànmí! Àgbàyà! Gbogbo ayé ni yóò gbọ́!" Ìyá fa fóònù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èébú.

Bàbá sáré padà sílé, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu. "Ẹ káàbọ̀, gbajúmọ̀!"

Láti ilé ìtọ̀ ni bàbá ti ń pariwo: "Ẹ ṣeun o! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n parí èyí o!"