Ohùn Abẹ́ Orin Ìkẹyìn

Kò sí ìbéèrè kan nípa ẹgbẹ́ olórin Ìléru Dúdú tí Doreen ò dáhùn nínú ìdíje ìbéèrè tó ń lọ nílé ọtí yìí, ní Birmingham.

Ó mọ orúkọ ajá onílù wọn.

Ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣeré, tí àlùfáà ti lé wọn jáde.

"Màmá, àbí ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ yín ni?" Jas, ọ̀dọ́ àdúgbò tó jókòó tì í, ń rẹ́rìn-ín, awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín kún ẹnu ẹ̀.

"Ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún."

Ó ku ìbéèrè kan.

Kelvin tó ń darí ìdíje fi orin tó kẹ́yìn àwo wọn sí i. Gìtá ń ké bí irin tó ń fà ya, ó wá dákẹ́. Ohùn kan ló kù lábẹ́: gbì-gbì, gbì-gbì.

"Kí nìyẹn?"

"Àyà tó ń lù ni," ni Doreen wí.

"Ẹ kùnà o! Òòlù ilé iṣẹ́ irin ni. Terry onígìtá ló fẹnu ara ẹ̀ sọ fáwọn oníròyìn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ohun tó lè sọ fún wọn nìyẹn," ni Doreen fèsì. "Ọkọ mi ni Terry. Òun ló gbé rẹ́kọ́dà wá sí ọsibítù, tó fi gba ohùn náà sílẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ń fi ẹ̀rọ gbọ́ bí àyà ọmọ inú mi ṣe ń lù. Ọmọ yẹn ò wáyé láàyè."

Kelvin sáré mú bírò ẹ̀.

"Màmá, ẹ... ẹ ti gba máàkì yẹn."

"Fi máàkì ẹ sílẹ̀, Kelvin. Mi ò lè dá a gbọ́ nílé. Jọ̀ọ́, jẹ́ n tún gbọ́ ọmọ mi."