Fóònù Oníbébà fún Màmá

Bingwen ń rìn nínú ẹrẹ̀ lọ síbi sàréè ìyá rẹ̀, bàtà olówó ńlá lẹ́sẹ̀.

Òun ló ni ojúlé tí ìdajì Ṣáínà fi ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Suqin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń wò ó bí ẹni ń wo ìgbẹ́ ajá.

Ọjọ́ ìtọ́jú sàréè ni. Bingwen ń sun ẹrù oníbébà kó lè tẹ ìyá wọn lọ́wọ́ lọ́run: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mọ́tò, ọmọ ọ̀dọ̀.

"Ọsibítù oníjìbìtì yẹn ló pa Màmá. Màá ti ilẹ̀kùn wọn pa!"

"O kú iṣẹ́, alágbára má mèrò."

Bingwen mú fóònù oníbébà. Suqin já a gbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Ṣebí Màmá fẹ́ràn fóònù."

"Orí ojúlé tìẹ ni Màmá ti rí ọsibítù yẹn. Mo ní ká lọ sí ti ìjọba, ó kọ̀. Ó ní èyí tó wà lókè pátápátá nínú àwọn tí ojúlé ẹ tò sílẹ̀ ló dáa jù. Ó ní ọmọ òun ló gbé e síbẹ̀, ọmọ òun ò sì lè tan òun jẹ."

Bingwen na ọwọ́ sí fóònù náà, Suqin fà á sẹ́yìn.

"Èló ni wọ́n fi ra ipò òkè yẹn lọ́wọ́ ẹ?"