Orin Tí Àgbò Dá

Àlọ́ mi gba Róòmù àtijọ́ kọjá, ó bá Alágẹmọ, balógun àwọn ẹranko ibẹ̀. Erin gbógun dé, Alágẹmọ kò bá a jà. Orí òkè ló ti ń ṣọ́ ọ, ó ń dáná sun oko níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ebi yóò bá wa lé e."

Àgbò, igbákejì rẹ̀, dá orin, àwọn ọmọ ogun ń gbè é:

Balógun ń sá fún Erin,
Jànnàjánná,
Ojo gorí òkè,
Jànnàjánná.

Àgbò kó ìdajì wọn sọ̀kalẹ̀, Erin ká wọn mọ́ àfonífojì. Alágẹmọ tí kì í sáré ló sáré wá gbà wọ́n. Ebi ti pa Erin, ó sá.

Àgbò dọ̀bálẹ̀ fún balógun.

Alágẹmọ ní, "Dá orin yẹn. N óò gbè é."

Àgbò tẹrí ba mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí àgbò tó tẹrí ba, ẹ má rò pé ìjà ló ń wá. Ojú ló ń tì í.