Oògùn Tí Kò Gba Ẹnu Kọjá

Láràárọ̀, kí mọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ tó fọn fèrè lọ sí Ìlúpéjú, Akínfẹ́nwá á ti jókòó sídìí wíńdò ilé wọn ní Agége. Á fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, á máa wo aago ara ògiri. Bí ìṣẹ́jú kan bá pé, á kọ iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ lù sínú ìwé kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe sítọ́kípà ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà. Kò sí ohun tó wọlé tàbí tó jáde tí kì í kọ sílẹ̀.

"Mélòó lónìí?" ni Oyèníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, máa ń bi í.

"Méjìlélàádọ́rin. Ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ọkàn rẹ̀ ni kò dá. Á sáré, á kọsẹ̀, á tún sáré. Oògùn oníhóró wà fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ wà nílẹ̀. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta tí àìsàn fẹ́ gbé e lọ, Akínfẹ́nwá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ ìjọ Aládùúrà wọn. Ó ní bí Ọlọ́run bá dá ọmọ náà sí, oògùn kò ní gba ẹnu òun kọjá títí òun ó fi kú. Bọ́sẹ̀dé náà ti di abiyamọ báyìí.

Dókítà Ọláyínká, ní ọsibítù kan ní Ìlúpéjú, ló rí ọ̀nà. Ọdún kejì tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ ni. Wọ́n ń dán ohun tuntun kan wò níbẹ̀, ohun pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, tí wọ́n ń rán mọ́ ara ọkàn gan-an. Oògùn inú rẹ̀ á máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan, bí kàfúrà ṣe ń yọ́ nínú àpótí aṣọ. Kò ní rìn ká gbogbo ara bíi ti oníhóró. Ọkàn nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n.

Akínfẹ́nwá kọ̀ jálẹ̀.

"Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ẹnu lẹ dárúkọ nínú ẹ̀jẹ́ yín," ni Oyèníkẹ́ wí. "Ẹ ò dárúkọ àyà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Lọ́yà ni wọn ì bá fi ọ́ ṣe." Wọ́n sì ṣe é fún un.

Ọdún pé, oògùn inú bọ́tìnnì tán. Òmíràn ń bọ̀ láti òkè òkun, kò sì tètè dé. Iye inú ìwé gòkè dé mẹ́rìndínlọ́gọ́fà, ó dé ogóje. Dókítà kó oògùn oníhóró lé Oyèníkẹ́ lọ́wọ́.

"Kí wọ́n máa lo ọ̀kan láàárọ̀, mà, títí tí tuntun á fi dé."

"Wọn ò ní lò ó, Dókítà."

"Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Láìsí i, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

Oyèníkẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ hóró kan kúnná, ó pò ó mọ́ ògì, ó sì da ṣúgà lé e.

Ìsàlẹ̀ abọ́ ògì Akínfẹ́nwá, ti Démiládé ni, ọmọ Bọ́sẹ̀dé, ọmọ ọdún márùn-ún tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò sí àárọ̀ tí bàbá àgbà kì í fi àmukù sílẹ̀ fún un. Oyèníkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó múra láti já abọ́ náà gbà. Akínfẹ́nwá tọ́ ògì wò. Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀, ó súre fún un bó ṣe máa ń súre, ó sì mu ún tán. Ó bu omi ṣan abọ́, ó mu omi náà pẹ̀lú.

"Bàbá, tèmi ńkọ́?" ni Démiládé figbe ta.

"Ebi ń pa arúgbó lónìí. Lọ bá ìyá àgbà, kí wọ́n bu tìrẹ lọ́tọ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò fi àmukù sílẹ̀ mọ́. Oyèníkẹ́ dúpẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ti ń gba oúnjẹ. Iye inú ìwé sọ̀ kalẹ̀ dé àádọ́rùn-ún, ó dé ọgọ́rin. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Akínfẹ́nwá tutù, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúrò nínú pẹpẹ níbi tó ti ń tan àbẹ́là láti ogún ọdún, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó gbé sùtánà rẹ̀ fún Olúgbénró, tó ń ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ò gba ìdúró mọ́," ló sọ.

Kò mú ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́. Bébà péńpé kan ló ń da iye náà kọ sí fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, Oyèníkẹ́ gbé ògì wọlé, ó bá a sídìí wíńdò, ìka méjì ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó pè é, kò dáhùn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì tuntun dé.

Olúgbénró gbé sùtánà padà wá, òun ni wọ́n wọ̀ fún un sin ín. Wọ́n ní ẹni tó pa ẹ̀jẹ́ mọ́ dójú ikú ni. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Oyèníkẹ́ kò lè ṣe é. Òun nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ náà ti bàjẹ́ lọ́wọ́ òun, tí ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Dókítà ránṣẹ́ béèrè ìwé iye náà. Kí Oyèníkẹ́ tó fi rán ẹnikẹ́ni, ó ṣí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì wá ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ hóró náà.

Nísàlẹ̀ iye ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Ògì korò lónìí, ojú Oyèníkẹ́ sì wú fún ẹkún, mo mu ún tán kí ọmọ má baà tọ́ ọ wò, n kò sì gbọdọ̀ wọ inú pẹpẹ mọ́."